Ìbò Mẹ́jọ Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ẹ̀bùn Lọ́rùn

Ọdún kẹrin rèé tí a dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tó wà láàárín Abúlé Òkúta àti etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ìpele kẹta ni mo wà nígbà náà. Àwọn tó wà ní ìpele kẹta lónìí ò tíì wọlé rárá lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ wọ́n ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Oríṣi méjì ni mo ti gbọ́. Èkíní ní Ẹ̀bùn, tó díje fún ipò ààrẹ, ló ki ìbò mẹ́jọ bọ àpótí fún ara rẹ̀. Èkejì ní Kúnlé, tó bá a díje, ló ki ìbò náà bọ àpótí kó lè ba Ẹ̀bùn lórúkọ jẹ́. Èmi ni alága ìdìbò. Èmi ni mo ka ìwé ìbò náà, èmi náà ni mo yọ mẹ́jọ kúrò nínú rẹ̀. Ìtàn méjèèjì kì í ṣe òótọ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kejì ìdìbò. Mi ò sọ ọ́. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ máa pinnu bóyá ó tó ìdí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, torí òun ló jẹ́ kí wọ́n yàn mí. Káfíńtà ni bàbá mi ní Ladi-Lak. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà, wọ́n rò pé àga ni mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn, inú wọn sì dùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpele kìíní, olùkọ́ gbé ìbẹ́pẹ kan ka orí tábìlì, ó ní ká yà á. Mo mú rúlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìbẹ́pẹ náà: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, ibi tí ikùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù yà á tán, wọ́n là á, wọ́n jẹ ẹ́. Olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ìlà mẹ́rin péré ló bá nínú ìwé mi.

"Ìbẹ́pẹ dà?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́, mà."

"Kí ni ìwọ wá ṣe láti àárọ̀?"

"Mo wọ̀n ọ́n, mà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Rúlà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló gé díẹ̀ lára ìbẹ́pẹ tirẹ̀ fún mi, ó ní kí n kúkú tọ́ ohun tí mo ń wọ̀n wò. Ẹ̀bùn nìyẹn. Àwọn apẹja láti etí òkun Oǹdó ni àwọn ẹbí rẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà. Bí Ẹ̀bùn bá gbé pẹ́ńsù lé ìwé, kì í gbé e kúrò títí iṣẹ́ á fi parí. Èmi kì í gbé e lé e rárá. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Yàrá ìtẹ̀wé ni ìjà ìdìbò náà dá lé. Yàrá ńlá ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Láàárín rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà, irin dúdú tí a ń fi ọwọ́ yí. Kò lo iná mànàmáná, torí náà òun nìkan ni nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ọgbà wa. Bàbá Rájí ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà sídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tó kógbá wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ wa ra ẹ̀rọ náà, Bàbá sì tẹ̀lé e wá. Wọ́n máa ń sọ pé èèyàn méjì ni wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé ẹ̀rọ yẹn sì ni ọ̀gá àwọn.

Bàbá ò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn la ti kọ́ iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ èèyàn ni àmì kan tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní rẹ́jísítà: òbìrìkìtì kékeré kan tí ìlà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá bí àgbélébùú. Etí ìwé ni wọ́n ń fà á sí, kí àwọ̀ kejì lè bọ́ sórí àkọ́kọ́ láìyẹ̀. Bàbá kì í fọwọ́ kan ìwé kan kí wọ́n má fà á. Mo ti rí i tí wọ́n fà á sí ẹ̀yìn káàdì ìpè ìgbéyàwó níbi tí wọ́n ti ń dúró de ẹnìkan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, ìwé jáde pé wọn yóò fi yàrá náà ṣe yàrá kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òfin ilé ẹ̀kọ́ sọ pé ààrẹ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ààrẹ tó wà níbẹ̀ ti parí sáà rẹ̀. Ẹni tí a bá yàn ni yóò fọwọ́ sí i tàbí kó má fọwọ́ sí i. Ẹ̀bùn jáde, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i láé. Kúnlé, tó ń kọ́ yíya àwòrán ìpolówó ní ìpele kẹrin, jáde, ó ní òun yóò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí òun bá wọlé.

Kúnlé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ṣe jẹun, orí kọ̀ǹpútà ló wà, pé kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan ní ẹ̀ka wa. Òótọ́ ni. Ohun tí kò dá mi lójú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìdí tí kọ̀ǹpútà ò fi lè wà ní yàrá mìíràn. Mo bi í. Ó ní, "Rúlà, yàrá wo? Ṣé inú ilé ìyàgbẹ́ ni?" Mo ti yí gbogbo ọgbà náà ká lóòótọ́, mi ò rí yàrá tó ṣófo.

A kọ́kọ́ ṣe ìwọ́de. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe ìpàdé láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a sì ṣètò pé a ó dúró ní géètì pẹ̀lú páálí lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé. Láti ọjọ́ Ẹtì la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ páálí. Àṣìṣe tí a ṣe ni pé a fi iṣẹ́ páálí lé àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Ẹnìkan ní lẹ́tà ò gbọdọ̀ ga ju ara wọn lọ. Òmíràn ní kí a fi òjìji sí i lẹ́yìn. Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ wo páálí kan tó ti parí, ó ní àwọ̀ pupa náà ń pariwo jù.

Mo ní, "Ìwọ́de ni, Ẹ̀bùn. Kó pariwo náà la fẹ́."

"Kó pariwo, kó má ṣe burẹ́wà."

Láago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọ̀dà ṣì tutù lára páálí mẹ́rin. Ẹnìkan ní ká gbé èyí tó ti gbẹ jáde. Wọ́n ní rárá, pé wọ́n jọ wà ní ọ̀wọ́ kan ni, ẹnikẹ́ni ò lè rí ìtumọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí a máa fi dé géètì, ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, ìgbìmọ̀ ti ṣèpàdé tán, wọ́n ti lọ. A tò síbẹ̀ náà. Ọkùnrin kan tó gbé páálí bébà sórí ọ̀kadà dúró, ó ń wò wá.

"Ta ló kọ lẹ́tà yìí?"

"Àwa ni, sà," Ẹ̀bùn dáhùn.

"Ó dáa gan-an. Kí lẹ ń polówó?"

"À ń ṣe ìwọ́de ni, sà."

"Ta lẹ ń ṣe é fún?"

"Wọ́n ti lọ sílé, sà."

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ wá bá mi ní Ṣómólú bí ẹ bá parí ìjà. Mo ń wá ẹni tó mọ lẹ́tà kọ báyìí."

Nígbà tí a padà dé yàrá ìtẹ̀wé, Bàbá Rájí bi wá bóyá ìgbìmọ̀ gbọ́. A ní wọn ò sí níbẹ̀. Bàbá gba páálí náà lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Iṣẹ́ yìí mọ́." Wọ́n sì tò ó sára ògiri. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé àwa ọmọ yìí ò lè gba ẹ̀rọ náà là. Ìrònú tèmi nìyẹn. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìdìbò ló kù. Ẹ̀bùn àti Kúnlé fohùn ṣọ̀kan pé kí èmi ṣe alága. Kúnlé mọ̀ pé ọ̀rẹ́ Ẹ̀bùn ni mí, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó lè wọn ìbẹ́pẹ ò lè yí ìbò. Ìwé tí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀ ò wúlò: àwọn tó ti jáde wà níbẹ̀, àwọn ìpele kìíní ò sí níbẹ̀. Torí náà mo ṣòfin méjì. Èkíní, ẹni tó bá ti dìbò yóò ti àtàńpàkò bọ íńkì dúdú, kó má bàa dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, kí oníkálukú fa àmì tó bá wù ú sínú àpótí kékeré tó wà níwájú orúkọ ẹni tó fẹ́.

Òfin méjèèjì ló bàjẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, yàrá ìtẹ̀wé ló ti ń bọ̀. Mo ní kó fi àtàńpàkò rẹ̀ hàn mí. Dúdú ni. Mo wo ìka yòókù. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"O ti dìbò?"

"Rúlà, ìwọ fúnra ẹ wo ọwọ́ tìrẹ."

Mo wò ó. Dúdú ni. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìtẹ̀wé ni íńkì wà lọ́wọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò sì sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Gbogbo wa la fọwọ́ sí òfin yẹn, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó rántí bí ọwọ́ wa ṣe rí. Mi ò lè lé wọn padà. Mo jókòó ti àpótí, mo ń fi ojú mọ ẹni tó ti wá. Mo gbà pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ò kúkú pé ọgọ́rùn-ún.

Ní ọ̀sán, ebi pa mí. Mo ní kí Bàbá Rájí bá mi jókòó ti àpótí àti ìwé ìbò kí n fi lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Kúnlé tiẹ̀ dìde fún Bàbá kí wọ́n lè jókòó sórí àga tó dáa. Mo lo nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ojú gbogbo èèyàn la ti ka ìbò ní ìrọ̀lẹ́. Kíkà náà pẹ́, torí pé kò sí oníṣẹ́ ọnà tó lè fa ìlà lásán. Ẹnìkan ya ẹja. Ẹnìkan ya òdòdó tó ní gbòǹgbò. Ẹnìkan ya ojú Kúnlé, imú rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ ìwé, àpótí Ẹ̀bùn ló sì yà á sí.

Kúnlé ní, "Ojú mi nìyẹn. Èmi ló dìbò fún."

Ẹ̀bùn ní, "Àpótí ta ló wà?"

"Ẹ wo imú náà. Ẹni tó bá yà mí báyìí ti ronú nípa mi dáadáa."

Mo kà á fún Ẹ̀bùn. Ní ìparí, Ẹ̀bùn ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, Kúnlé ní mọ́kànlélógójì. Wọ́n gbé Ẹ̀bùn sókè. Kúnlé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kò dun òun tó bí imú yẹn ṣe dun òun.

Èmi ò bá wọn yọ̀. Mo ti rí nǹkan kan. Mọ́kànlá nínú ìbò Ẹ̀bùn ló ní àmì rẹ́jísítà. Kò yani lẹ́nu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtẹ̀wé lè fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ara wa, a mọ ìlà ara wa bí a ṣe mọ ohùn ara wa. Mo kó ìwé náà relé, mo tò wọ́n sórí tábìlì iṣẹ́ bàbá mi. Mẹ́ta nínú rẹ̀, mo mọ àwọn tó fà á. Mẹ́jọ tó kù, ọwọ́ kan náà ni: òbìrìkìtì tó ṣe régí láìlo nǹkan kan, ìlà òòró tó kọjá díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n. Wọn ò fi bíńtín yàtọ̀ síra. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ mẹ́jọ, mọ́kàndínlógójì ló kù fún Ẹ̀bùn, Kúnlé á fi méjì borí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá Rájí níbi tí wọ́n ti ń fi epo sí ẹ̀rọ.

"Rúlà, o tètè dé. Ààrẹ wa ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín."

Mo tẹ́ ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀. Bàbá nu ọwọ́, wọ́n wọ dígí wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Mẹ́jọ ni?"

"Mẹ́jọ ni, sà."

"Mo rò pé mẹ́fà ni mo fà." Wọ́n bọ́ dígí náà. "Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Mo fẹ́ fa ìlà lásán. N kò mọ̀ pé òun ni mò ń fà."

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Àwọn mìíràn mọ̀?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ẹ̀bùn ńkọ́?"

"Kò mọ̀, sà."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kì í ṣe torí iṣẹ́ àwọn, pé oṣù mẹ́ta péré ló kù kí àwọn fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ yẹn ni. Àwọn ò fẹ́ kó jẹ́ ojú àwọn ni wọn yóò ṣe fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, wọ́n dọ́gba etí wọn, wọ́n fún mi.

"Ní Ṣómólú, ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yẹ̀, a kì í gbé e fún oníbàárà. Yọ ọ́ kúrò. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má dárúkọ mi. Jẹ́ kí n fi ojú rere jáde níbí."

Mo ṣèlérí fún wọn. Mi ò wọn ìlérí náà kí n tó ṣe é.

Ní ọ̀sán, mo kéde pé ìbò mẹ́jọ ti ọwọ́ ẹnìkan wá, pé mo ti yọ ọ́, pé Kúnlé ló wọlé. Mo ní Ẹ̀bùn kọ́ ló ṣe é. Wọ́n ní ta wá ni? Mo ní mi ò lè sọ. Ẹni tó bá ti wà láàárín èrò rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìbò Ẹ̀bùn ló pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ Ẹ̀bùn ló ń fi orúkọ kan pamọ́. Wọ́n parí ìṣirò náà fúnra wọn. Ó bá ìṣirò mu, tí kì í bá ṣe pé irọ́ ni.

Ẹ̀bùn bá mi lẹ́yìn géètì.

"Ṣé o rò pé èmi ni?"

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

"Tóò, sọ ẹni tó ṣe é."

"Mo ti ṣèlérí."

"Fún ẹni tó ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ṣèlérí fún ẹni tó jalè, o wá fi mí sílẹ̀ kí wọ́n máa pè mí lólè. Ṣé o rí bó ṣe rí?"

Mo rí i. Mi ò ṣe nǹkan kan sí i.

Ohun tó kàn ni pé Kúnlé ò fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ tó wọlé. Ó wá bá mi, ó ní ìbò méjì ni òun fi borí, ṣé èèyàn lè fi ìbò méjì ta nǹkan gbogbo? Ó lọ bá àwọn aláṣẹ, ó ní kí wọ́n gba yàrá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Wọ́n ní níbo ni a ó gbé e sí? Ó ní ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Èmi tí mo yí gbogbo ọgbà ká, mo ti rí yàrá yẹn, ṣùgbọ́n mo kà á sí èyí tó kún. Kò wá sí mi lọ́kàn pé a lè kó àga jáde.

Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ náà, a tẹ́ ọ̀pá irin sílẹ̀, a ń yí i lọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Rájí wà níwájú, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: "Rọra. Rọra, ọ̀gá mi." Ẹ̀bùn wá. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó fi èjìká ti ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúnlé. Ẹ̀rọ gun bàtà Kúnlé, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bùn ní, "Ó kù díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ rí bí imú ẹ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí a fi ní láti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ jókòó. Ẹ̀bùn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ojú rere. A kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Kò tíì pẹ́ tí mo lọ kí Bàbá ní Ṣómólú, níwájú ibi tí wọ́n ti ń gé bébà. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń sọ ìtàn ìbò yẹn. Mo sọ méjèèjì fún wọn.

"Ọmọ yẹn ni wọ́n ń pè lólè láti ìgbà yẹn?"

"Òun ni, sà."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo ti ṣèlérí, sà."

"Ìlérí oṣù mẹ́ta ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ, Rúlà. N kò gba ti ayé mi. Kọ ọ́. Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Mo ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Ẹ̀bùn kí n tó fún yín. Ó dá mi lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ti fura sí Bàbá láti ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ, torí pé wọn ò lè wo ojú òun, pé òun náà ò fẹ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ohun tí Bàbá ṣe ò dun òun. Kò sọ pé tèmi ò dun òun, mi ò sì bi í.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ń lò, a jèrè rẹ̀, Kúnlé ló sì jà fún un jù. Yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, a pàdánù rẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ gbà á padà láàárín yín, ẹ tètè dé géètì. Ẹ̀bùn ò jí ìbò kankan. Bàbá Rájí ló fa àmì mẹ́jọ yẹn, èmi ni mo dìde kúrò nídìí àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpele kìíní.